Làpálàpá Ara Kòkó

Nígbà tí a padà dé oko Bàbá wa ní Ẹlẹ́gbẹ́ka ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú wa ti fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ gbẹ̀yìn. Igbó la ń retí. A mú àdá dání, a wọ bàtà òjò, a sì ti bá ara wa sọ ọ́ nínú ọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ pé bí a bá débẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ ti di igbó kìjikìji, a ò ní sunkún. Igbó sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó dá wa dúró ni ara àwọn igi kòkó fúnra wọn. Láti ìdí igi títí dé ibi tí ẹ̀ka ti pín, àbàwọ́n ló kún ara wọn, rìbìtì-rìbìtì: òmíràn funfun bí ẹfun, òmíràn bí eérú, òmíràn bí ewé tó ti ṣá. Ọ̀kan fẹnu ko èkejì bí ààlà ìlú lórí máàpù. Ti ara ògiri ahéré àti igi obì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tún yàtọ̀. Ìyẹn pọ́n rúsúrúsú, bí ìgbà tí èèyàn da epo pupa sílẹ̀ tí kò nù ún.

Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa, fi ẹ̀yìn àdá gbá igi kan.

"Ẹ ò rí i bí? Làpálàpá ti mú gbogbo wọn."

A rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ làpálàpá? Nígbà tí a wà ní kékeré, kò sí ẹni tí kò mú rí nínú wa. Wọ́n á fá orí wa kodoro, wọ́n á fi kànìnkànìn ha ojú rẹ̀, wọ́n á gún ewé asunwọ̀n òyìnbó, wọ́n á fi pa á, àwa á máa ké. Àbàwọ́n ara kòkó yìí sì jọ ọ́ lóòótọ́: ó rí róbótó, etí rẹ̀ hàn kedere, ó sì dà bíi pé ó ń fẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n Bàbá Kékeré ò bá wa rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan ló fẹ́ ra oko náà, ohun tí ọkùnrin náà sì ti sọ fún un nìyẹn: igi yín ti ní àrùn, owó ilẹ̀ nìkan ni mo máa san, mo máa gé gbogbo wọn lulẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó yẹn. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 kan náà, iye tí wọ́n ń ra tọ́ọ̀nù kòkó kan ní ọjà New York kọjá 10,000 dọ́là fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn tó ti ń pe kòkó ní iṣẹ́ bàbá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í wá oko kiri. Ẹni tó bá wá ra oko kòkó ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀, tó wá ní òun fẹ́ gé kòkó dànù, ó yẹ kó ti fu wá lára. Kò fu wá lára. Ká má parọ́, àwa náà wo igi wọ̀nyẹn, a rí igi tó ń ṣàìsàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n á ti mọ ìdí tí a ò fi dé oko láti ọjọ́ yìí wá. Ọ̀nà tó gba Ẹlẹ́gbẹ́ka kọjá ni, igbó ní ọ̀tún, igbó ní òsì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, nítòsí Ẹlẹ́gbẹ́ka níbẹ̀, àwọn agbébọn yìnbọn pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀. Ọba aládé o! Bí wọ́n bá lè ṣe ìyẹn fún ọba nínú ọkọ̀, kí ni ti bàbá arúgbó lórí ọ̀kadà? Bàbá wa kò sọ pé òun ò lọ sóko mọ́. Ó kàn ń dín in kù ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, nígbà tó sì fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 2021, ó ti ń fi fóònù béèrè oko lọ́wọ́ àwọn tí àwọn náà kì í lọ. Ọdún 2023 ló kú, ní Àkúrẹ́, níbi tí a kó o lọ. Ìbéèrè tó ń bi wa títí tó fi kú ni pé, "Ẹ ti lọ wo igi mi?" Irọ́ la máa ń pa fún un. A máa ń ní a ti rán ènìyàn lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá Kékeré ní làpálàpá ti mú wọn, kì í ṣe igi nìkan la rò ó sí. A ya fọ́tò. Òru ọjọ́ náà ní Àkúrẹ́, a jókòó yí fóònù ká, a ń wá orúkọ àrùn tó ń ṣe kòkó wa.

Fóònù ò mọ Ẹlẹ́gbẹ́ka. Fọ́tò ògiri ahéré tó pọ́n rúsúrúsú la kọ́kọ́ fi hàn án, ohun tó sì kó wá fún wa ni òkúta Greenland àti ti Svalbard, ní òkè ayé lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù nínú ọdún. Lórí òkúta dúdú wọ̀nyẹn, ohun kan wà níbẹ̀ tó pọ́n bí ọsàn tó gbó dáadáa, ó lẹ̀ mọ́ òkúta bí èépá ṣe ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò. Rusavskia elegans ni wọ́n ń pè é. Àwọn ìwé tó pẹ́ díẹ̀ ń pè é ní Xanthoria elegans. Ó fẹ́ràn orí òkúta tí ẹyẹ máa ń bà lé, torí ìgbẹ́ ẹyẹ ni ajílẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan ni lára ohun tí òyìnbó ń pè ní lichen, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Gíríkì àtijọ́. Ẹ wá gbọ́ o: ọ̀rọ̀ kan náà yẹn ni àwọn Gíríkì fi ń pe ohun tó ń hù lára igi àti àrùn tó ń mú awọ ara. Títí di òní, àwọn dókítà ṣì ń pe àrùn awọ kan ní lichen planus. Bàbá Kékeré tí kò gbọ́ Gíríkì rí láyé ti sọ ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo.

Ohun tó mú wa jí lójú oorun nípa elégbò ọsàn ti àríwá yìí ni pé wọ́n fi ń ka ọdún. Kì í sáré dàgbà. Nǹkan bí ìdajì mìlímítà ló fi ń fẹ̀ lọ́dún fún ọgọ́rùn-ún ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò tún fa ẹsẹ̀ sí i. Ní àwọn ọdún 1950, ọmọ Austria kan, Roland Beschel, sọ ìyẹn di iṣẹ́ ìmọ̀. Bí òkìtì yìnyín ńlá bá yọ́ tó fà sẹ́yìn, tó fi òkúta sílẹ̀ ní ìhòòhò, lichen á wá bà lé e, á máa fẹ̀. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, kó wá èyí tó tóbi jù lára òkúta náà, kó wọ̀n ọ́n, yóò mọ iye ọdún tí yìnyín ti kúrò níbẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń yára sí ládùúgbò yẹn. Ibi ìsìnkú ni wọ́n sì máa ń lọ láti mọ̀ ọ́n, torí ọdún wà lára òkúta orí sàréè. Ẹni tó kú ti sọ ọjọ́ tí òkúta náà débẹ̀.

Ẹ ò ní mọ bí ìyẹn ṣe wọ̀ wá lára tó ní òru yẹn. Àwa náà fẹ́ ka ọdún. A fẹ́ kí nǹkan kan, tí kì í ṣe ènìyàn, sọ fún wa bó ṣe pẹ́ tó tí a ti fi igi wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ti wọn àbàwọ́n funfun kan lára kòkó ìdí ahéré ní ọ̀sán: láti àárín rẹ̀ dé etí, mìlímítà 25. A fi òṣùwọ̀n Greenland pín in. Ọdún 50! Ọdún 1987 ni Bàbá wa gbin igi náà.

A rẹ́rìn-ín títí. Lichen kan kì í ṣe òmíràn, òṣùwọ̀n òtútù kò sì lè wọn ooru. Èyí tó bá ń gba òjò fún oṣù méje tàbí mẹ́jọ lọ́dún, bíi tiwa, kò ní í rìn bí èyí tí yìnyín bò mọ́lẹ̀. Lára igi, bí awọ igi bá fẹ̀, ohun tó wà lára rẹ̀ náà á fẹ̀. Àwa ò sì ní tábìlì òṣùwọ̀n kankan fún Ẹlẹ́gbẹ́ka. Bóyá sàréè Bàbá la máa fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a tún rí ohun mìíràn tó jẹ́ kí ojú tì wá díẹ̀. Ohun tó pọ́n rúsúrúsú lára ògiri wa kì í ṣe lichen rárá. Fóònù ti fi Svalbard tàn wá jẹ. Trentepohlia ni orúkọ tiwa. Alga ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ nínú àmù tí wọn kò fọ̀. Àwọ̀ ewé wà nínú òun náà, ṣùgbọ́n ó kó carotene pamọ́ sínú ara rẹ̀ débi pé a kì í rí àwọ̀ ewé náà mọ́. Carotene yìí ló wà nínú kárọ́ọ̀tì, òun náà ló sì mú epo pupa pọ́n. Nítorí náà nígbà tí a ní ó dà bíi pé ẹnì kan da epo sára ògiri, a ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́. Ti àríwá ní tirẹ̀, ohun mìíràn tí wọ́n ń pè ní parietin ló kun ara rẹ̀, ó sì fi bo orí bí agbòòrùn kí oòrùn má bàa pa á. Ó gbà á lóòótọ́ o: láàárín 2008 sí 2009, wọ́n gbé lichen yẹn síta ibùdó òfuurufú International Space Station, níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́, fún nǹkan bí oṣù 18. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wálé tí wọ́n bomi rin ín, ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwa tí ọ̀nà Ìfọ́n ń bà lẹ́rù ń ka ìyẹn lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n àbàwọ́n funfun àti eleérú ara kòkó, lichen ni ìyẹn. Kí wá ni lichen? Olú ni, àti alga, tí wọ́n jọ ń gbé. Olú, ìbátan èyí tí à ń fi se ọbẹ̀, kò lè dá oúnjẹ ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ máa jẹ ohun tó ti rà. Alga lè fi oòrùn se oúnjẹ, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò gba ọ̀gbẹlẹ̀ ńlá. Olú wá fi ara rẹ̀ kọ́ ilé, alga wọlé, ó ń se ṣúgà, ó sì ń fún olú nínú rẹ̀. Ọmọ Switzerland kan, Simon Schwendener, ló là á mọ́lẹ̀ ní 1867 pé ẹ̀dá méjì ni, ọ̀pọ̀ àwọn àgbà ìmọ̀ lichen ìgbà yẹn sì bínú sí i. Schwendener ní olú ni ọ̀gá, alga ni ẹrú. Nígbà tí a ka ibẹ̀, a wo ara wa. Ẹrú kọ́. Bó bá jẹ́ ọmọ Yorùbá ló rí i, ìwọ̀fà ni ì bá kọ́kọ́ pè é. Ẹni tó bá sì ti gbé oko kòkó dàgbà á mọ̀ pé ìṣákọ́lẹ̀ ló jọ jù. Onílẹ̀ ní ilẹ̀, àlejò ní apá. Àlejò ṣiṣẹ́, ó bu nínú rẹ̀ fún onílẹ̀, wọ́n jọ ń rí jẹ níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kì bá ti rí jẹ. Bóyá onílẹ̀ ń gba jù lọ́wọ́ àlejò, ìyẹn tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn, wọn kò tíì parí rẹ̀ láàárín àwọn lichen, wọn kò sì tíì parí rẹ̀ ní oko wa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ wa jù nìyí: ọ̀kan lára alga tó wọ́pọ̀ jù nínú lichen ara igi ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni Trentepohlia, ẹni orí ògiri yẹn náà. Lára ògiri ó ń dá gbé, ó ń tan àwọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Lára igi, ó wọ abẹ́ òrùlé olú, àwọ̀ òrùlé nìkan là ń rí. Nígbà tí a padà sóko, a fi èékánná ha àbàwọ́n eleérú kan lára igi obì, jẹ́jẹ́. Abẹ́ rẹ̀ yọ àwọ̀ ọsàn.

Lára igi obì yẹn kan náà la ti tún rí àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́, tí wọ́n ṣe wọ́kọwọ̀kọ lórí àbàwọ́n funfun bí ìgbà tí ènìyàn fi bíìrò kọ nǹkan kánkán. Ẹ̀rù ti bà wá nítorí rẹ̀ nígbà tí a wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n wa máa ń dúró síwájú rẹ̀, á máa "kà" á fún wa ní ohùn Ààfáà, á ní orúkọ ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò ló wà níbẹ̀. Lichen ni ìyẹn pẹ̀lú, Graphis àti àwọn ìbátan rẹ̀. Orúkọ náà gan-an ti inú ìkọ̀wé wá. Inú ìlà dúdú wọ̀nyẹn ni olú náà ti ń bí ọmọ. Ẹ̀gbọ́n wa ní òun ṣì lè kà á.

Ó dáa, ṣé ó ń pa kòkó ṣá? Ìbéèrè tí owó wà lórí rẹ̀ nìyẹn.

Kò pa á. Ẹ wo àfòmọ́. Àfòmọ́ wà lórí kòkó wa náà, ó sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló ń ki gbòǹgbò bọ ẹ̀ka igi, tó ń mu nínú omi ara rẹ̀, títí ẹ̀ka náà á fi gbẹ. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ ọ́n lọ́tá. Lichen kì í ki gbòǹgbò kankan bọ inú igi. Oúnjẹ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ alga wá, omi rẹ̀ ti inú òjò àti ìrì wá. Ìjókòó nìkan ló gbà lọ́wọ́ kòkó. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á dákẹ́, kò ní í bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ igi. Bí òjò bá kù, á tún jí. Kódà ẹni tó bá mú àdá tó ń ha á kúrò lè ṣe ju lichen lọ, nítorí ara igi ni òdòdó kòkó ti ń yọ, ẹni tó bá ha ojú ibẹ̀ ti ha èso ọdún tó ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kò yẹ ká tún wá gbèjà rẹ̀ kọjá ààlà. Igi wa kò le lóòótọ́. Àfòmọ́ gun orí rẹ̀, ọ̀mùnú yí ìdí rẹ̀ ká láìsí ẹni tó gé e, èso ọdún tó kọjá dúdú, ó gbẹ, ó ṣì so mọ́ igi. Igi méjì tó ń ṣíji bò wọ́n ti wó. Bí ewé orí igi bá ti fọ́nká báyìí, oòrùn á rọ́nà wọlé dé ara igi, lichen tó fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ènìyàn á wá dé, á rí igi tó rẹ̀, á rí àbàwọ́n lára rẹ̀, á ní àbàwọ́n ló mú kó rẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí kò yé wa. Nígbà tí Bàbá wa wà lóko, ara kòkó wọ̀nyẹn mọ́. A rántí dáadáa. Kì í ṣe pé ó ń fọ̀ wọ́n, ta ló máa fọ igi? Ọ̀sẹ̀ mélòó kan la fi ń rò ó, kí ọ̀kan nínú wa tó rántí ẹ̀wù.

Bàbá wa ní ẹ̀wù oko kan tí Màmá kì í jẹ́ kó wọ inú agbada ìfọṣọ pẹ̀lú tiwa. Èjìká rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ búlúù, búlúù tí kì í ṣe ti aró. Oògùn kòkó ni. Lásìkò òjò, nígbà tí èso bá fẹ́ máa dúdú, á gbé pọ́ǹpù kọ́ ẹ̀yìn, á máa fín in láti igi dé igi, àwa á máa pọn omi tẹ̀lé e. Bàbà ló wà nínú oògùn yẹn, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Ohun tó ń sọ èso kòkó di dúdú ni wọ́n torí rẹ̀ fín in, ṣùgbọ́n ara igi ni èso kòkó ti ń so, bàbà kò sì mọ ẹni tí wọ́n rán an sí. Ó máa ń pa lichen, ó máa ń pa alga. Lọ́dọọdún tí Bàbá ń fín kòkó, ó ń nu ara igi mọ́ láìmọ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lóko, àwọn tí bàbà ti ń lé sẹ́yìn láti ọjọ́ yìí jókòó.

Nítorí náà a rí ọdún tí à ń wá kà. Kì í ṣe nípa mìlímítà. Gbogbo àbàwọ́n tó wà lára igi wọ̀nyẹn, àyè tí ọwọ́ Bàbá wa fi sílẹ̀ ni. Ìbéèrè tó ń bi wa lórí ibùsùn, "Ẹ ti lọ wo igi mi?", ìdáhùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo ẹni tó bá kọjá lè rí i. Ó rọrùn fún wa láti pè é ní làpálàpá.

Ìpàdé pẹ̀lú ọkùnrin tó fẹ́ ra oko wáyé ní ìta ilé Bàbá Kékeré ní Ọ̀wọ̀. A kó fọ́tò lọ. A ṣàlàyé olú, a ṣàlàyé alga, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàlàyé òfuurufú. Ọkùnrin náà fara balẹ̀ gbọ́ wa, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ Google. Ṣùgbọ́n ṣé Google máa bá yín ka kòkó?" Bàbá Kékeré pàápàá kò gbè wá lẹ́yìn. Lójú tiẹ̀, ohun tí CRIN kò bá tíì sọ ní Ìdí-Ayùnrẹ́, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ ọ́. (Ọdún 1964 ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí kòkó náà sílẹ̀ nítòsí Ìbàdàn. Bàbá Kékeré máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òun wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.)

Ohun tó yí i lọ́kàn padà kì í ṣe ìmọ̀ wa. Ẹ̀wù yẹn ni. Màmá ló gbọ́ gbogbo àríyànjiyàn náà láti inú ilé, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ẹ̀wù náà jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí. Búlúù náà ṣì wà ní èjìká. Wọ́n ní, "Ẹni tó wọ èyí ni kò sí mọ́. Igi ò ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni." Bàbá Kékeré gbà á, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní ká jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ ná.

A ò ta á. Kì í ṣe pé ọ̀nà ti dára. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn Àmọ̀tẹ́kùn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn, lọ́jọ́ mìíràn wọn kì í sí níbẹ̀, a ò sì jẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa lọ sóko tirẹ̀ láìbẹ̀rù. Ìdílé kan tó ń gbé inú Ẹlẹ́gbẹ́ka gan-an, tí wọn kò ní títì kankan láti gbà kí wọ́n tó dé oko, la fi kòkó náà sí lọ́wọ́, ká jọ máa pín in. Inú wa kò fi bẹ́ẹ̀ dùn sí bí a ṣe pín in. Inú tiwọn náà lè máà dùn. Olú àti alga.

Ní oṣù keje a lọ wo bí wọ́n ṣe ń fín oògùn. Wọ́n ti gé ọ̀mùnú, wọ́n ti já àfòmọ́, èso dúdú ti wà nílẹ̀ ní òkìtì. Oògùn ń kán lára igi, ó ń ṣàn gba orí àbàwọ́n funfun wọ̀nyẹn kọjá. Ara wọn kò ní í pẹ́ mọ́ tán, ọdún mẹ́ta wa á lọ pẹ̀lú rẹ̀. A bẹ ọkùnrin tó gbé pọ́ǹpù pé kó má fín ti igi obì, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ó bi wá pé kí ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní ìwé ni. Ó wò wá bíi pé ọ̀rọ̀ wa fẹ́ ní ọwọ́ ayé nínú, ṣùgbọ́n ó fò ó.

A gbé rúlà sí àbàwọ́n kan lára igi obì náà, a kọ ohun tí a rí sínú fóònù, a fi ìṣó kékeré méjì sàmì sí ògiri ahéré níbi tí àwọ̀ ọsàn náà dé. Aago méjì ti kọjá. Bàbá Kékeré ń pariwo láti ojú ọ̀nà pé ká máa bọ̀, pé aago mẹ́ta kò gbọdọ̀ bá ọkọ̀ wa níbẹ̀. A sáré. Inú ọkọ̀, lẹ́yìn tí a ti kọjá ibi tí a kì í fẹ́ kọjá, la tó rí i pé èékánná wa pọ́n, bíi ti ẹni tó fọwọ́ bọ epo.